Irinṣẹ́ Tí Ó Ṣeé Tú: Ọ̀rọ̀ fún Ẹ̀yin Ọ̀dọ́ Sàngó Ọ̀tà

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń fi kọ̀ǹpútà jẹun ní Sàngó Ọ̀tà, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe káàdì ìgbéyàwó àti àwòrán ara ọ̀rá piọ-wọ́tà lẹ́bàá bíríìjì, ẹ̀yin tí ẹ ń ṣírò owó oṣù òṣìṣẹ́ ní ọ́fíìsì àwọn ilé-iṣẹ́ ojú ọ̀nà Ìdírókò, ẹ̀yin tí ẹ ń ya àwòrán ilé fún àwọn bílídà ní Ìjọkò, àti ẹ̀yin tí ẹ ń kẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ǹpútà ní Yunifásítì Covenant, ní Yunifásítì Bells tàbí ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga tó wà ní Ìgbẹsà. Iṣẹ́ iná àti àtúnṣe ẹ̀rọ ni mo fi gbogbo agbára mi ṣe nínú àwọn ilé-iṣẹ́ ìlú yìí kí n tó fẹ̀yìn tì. Mo mọ ohun tí ojú òṣìṣẹ́ ń rí nígbà tí irinṣẹ́ tó fi ń jẹun kò sí lábẹ́ àṣẹ rẹ̀, ìdí nìyí tí n kò fi lè dákẹ́.

Ìmọ̀ràn mi kò gùn. Ẹ jáwọ́ nínú sọ́fítíwià tí wọ́n jí, ẹ má sì rò pé èyí tí à ń fi dọ́là san lóṣooṣù nìkan ló kù. Irú kẹta wà, èyí tí ẹni tó ṣe é yọ̀ǹda fún gbogbo ayé láti lò, láti tú wò, láti tún ṣe, àti láti fún ẹlòmíì. Sọ́fítíwià olómìnira ni mo ń pè é. Ẹ kọ́ ọ. Tí ẹ bá sì ti jẹ nínú rẹ̀, ẹ fi tiyín kún un.

Mo mọ bí ẹ ṣe dé ìdí èyí tí wọ́n kíráàkì, n kò sì ní bú yín. Ọmọ tó kọ́ṣẹ́ tán, tó ṣe fírídọ̀mù, tó wá gba ṣọ́ọ̀bù kékeré kan, ibo ló ti fẹ́ rí owó CorelDRAW tàbí AutoCAD? Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ gan-an, inú fíláàṣì ló ti kó o fún un. Dọ́là ni wọ́n fi ń dá iye lé e. Kí oṣù Kẹfà ọdún 2023 tó dé, dọ́là kan kò ju nǹkan bí 460 náírà lọ lọ́jà ìjọba. Nígbà tó fi máa di oṣù Kejì ọdún 2024, ó ti kọjá 1,500. Sọ́fítíwià náà kò yí padà, iṣẹ́ tó ń ṣe kò pọ̀ sí i, síbẹ̀ ẹni tó ń sanwó rẹ̀ láti Ọ̀tà ti ń san ìlọ́po mẹ́ta. Kí ènìyàn ra sọ́fítíwià lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kó di tirẹ̀ pàápàá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ohun àná. Ọdún 2013 ni Adobe kéde pé owó oṣooṣù ni àwọn ó máa gbà lórí Photoshop tuntun. Ní 2016, Autodesk tó ni AutoCAD náà dẹ́kun títa láísẹ́ǹsì tí ènìyàn máa ń rà lẹ́ẹ̀kan tí yóò sì di tirẹ̀. Ẹni tó bá dẹ́kun sísan owó báyìí, bó ti wù kó ti san tẹ́lẹ̀ pọ̀ tó, irinṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Nítorí náà, ó yé mi. Ṣùgbọ́n ẹni tó kíráàkì sọ́fítíwià kò ṣe é torí pé ó fẹ́ràn yín. Ó ti ṣí inú rẹ̀, ó ti yí nǹkan padà, ẹ kò sì mọ ohun tó fi sílẹ̀ níbẹ̀. Inú irú ẹ̀dà bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ fáírọ́ọ̀sì ń gbà wọlé, tó fi jẹ́ pé ẹ ó jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, gbogbo fáìlì oníbàárà ti tì pa, ẹnì kan tí ẹ kò rí rí sì ń béèrè owó. Òfin náà wà níbẹ̀. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọpọlọ ti 2022, tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù Kẹta ọdún 2023, ka sọ́fítíwià mọ́ àkọsílẹ̀ tí ó ní olówó, gẹ́gẹ́ bí ìwé. Ilé-iṣẹ́ ńlá tó bá fẹ́ gbé iṣẹ́ fún yín lè béèrè láísẹ́ǹsì yín kó tó fọwọ́ sí nǹkan kan.

Èyí tó dùn mí jù lọ kò sí nínú òfin. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kejì ọdún 1976, Bill Gates, ọ̀kan nínú àwọn tó dá Microsoft sílẹ̀, ọmọ ogún ọdún nígbà náà, kọ lẹ́tà ìta gbangba sí àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣeré ní Amẹ́ríkà. Òun àti Paul Allen ló ṣe BASIC fún kọ̀ǹpútà kan tó ń jẹ́ Altair. Ó ráhùn pé nínú ẹni mẹ́wàá tó ní Altair, ẹni tó ra BASIC kò pé ẹyọ kan, ńṣe ni wọ́n ń ṣe ẹ̀dà rẹ̀ fún ara wọn. Tí àwọn bá pín owó tó wọlé sí wákàtí tí àwọn fi ṣe é, kò tó dọ́là méjì ní wákàtí kan. Mo gbè é lẹ́yìn dé ibẹ̀. Ẹni tó ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ jẹun. Ṣùgbọ́n ní 1998, nígbà tó ti di olówó tí gbogbo ayé mọ̀, òun àti Warren Buffett jọ bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Washington sọ̀rọ̀, ó sì kan àwọn ará Ṣáínà tí wọn kì í sanwó sọ́fítíwià. Ohun tó wí ni pé bí wọ́n bá máa jí i náà, ti àwọn ni kí wọ́n jí, nítorí yóò mọ́ wọn lára, tó bá yá àwọn ó wá ọ̀nà tí àwọn ó fi gbowó náà.

Ẹ rò ó dáadáa. Láti ìgbà tí ẹ ti ń lo ẹ̀dà tí wọ́n jí, kí ló mọ́ yín lára? Kí ni ọ̀gá yín kọ́ yín, kí ni ẹ̀yin náà ń kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ yín? Ọ̀nà kan ṣoṣo ni gbogbo àdúgbò mọ̀, débi pé tí oníbàárà bá mú fáìlì wá láti Ṣómólú, tí kì í bá ṣe ti CorelDRAW, wọ́n á ní kó lọ tún un ṣe. Ẹ ti polówó ọjà ẹni ẹlẹ́ni láìgba kọ́bọ̀. Ọjọ́ tí ilé-iṣẹ́ yín bá dàgbà tó láti sanwó, kò sí ibòmíì tí ẹ lè lọ.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí ohun tí mo fi ojú ara mi rí. Ní ilé-iṣẹ́ kan tí mo ti ṣiṣẹ́, ẹ̀rọ ìdì-ọjà kan wà tó ti òkèèrè wá. Àpótí kékeré tí àwa oníṣẹ́ iná ń pè ní PLC ló ń darí rẹ̀. Inú àpótí náà ni sọ́fítíwià wà tó ń sọ fún ẹ̀rọ pé gé, dúró, lẹ̀ ẹ́. Sẹ́ńsọ̀ kan bàjẹ́. A wá irú rẹ̀ títí, a kò rí. A rí òmíràn tó dára, àmọ́ nọ́ńbà kan ṣoṣo gbọ́dọ̀ yí padà nínú sọ́fítíwià kó tó lè bá ẹ̀rọ náà mu. Ọwọ́ wa tó láti yí i. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe wà láàárín wa, ọmọ Ọ̀tà ni, ó jókòó níwájú ẹ̀rọ náà pẹ̀lú láptọ́ọ̀pù rẹ̀. Ohun tó rí ni àyè tí wọ́n ti ń béèrè páásíwọọ̀dù. A kọ̀wé sí ẹni tó ta ẹ̀rọ fún wa, ó ní òun kì í fi páásíwọọ̀dù sílẹ̀, pé ẹnjiníà òun ni yóò wá. Ẹnjiníà ń dúró de físà, ilé-iṣẹ́ ń wá dọ́là tíkẹ́ẹ̀tì àti owó iṣẹ́ rẹ̀, ẹ̀rọ sì dákẹ́.

Ta ló fara gbá a? Ọ̀gá pàdánù owó, lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà. Àwọn kásúà ni wọ́n ní kí wọ́n máa lọ sílé. Àwọn ọmọbìnrin tó ń to páálí, tó jẹ́ pé ọjọ́ tí wọ́n bá ṣiṣẹ́ nìkan ni wọ́n ń gbowó, wọ́n dúró lẹ́nu géètì láràárọ̀, wọ́n ń béèrè bóyá ẹ̀rọ ti ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí ẹnjiníà òyìnbó náà dé, ó yí nọ́ńbà kan padà, ó mu tíì, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ sọ́fítíwià kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn tó ń lo kọ̀ǹpútà nìkan. Ọmọbìnrin tí kò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí ni ebi pa nítorí páásíwọọ̀dù.

Lẹ́yìn èyí ni mo ka ìtàn Richard Stallman, ẹni tó ń kọ sọ́fítíwià, mo sì rí i pé ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa ti ṣẹlẹ̀ sí i. Ilé ìwádìí kan ní MIT, ní Amẹ́ríkà, ló ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀, bí bébà bá há sí i, Stallman ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é kó máa sọ fún gbogbo ẹni tó ń retí ìwé. Ní nǹkan bí ọdún 1980, Xerox fún wọn ní tuntun, tuntun náà sì ń há ju ti àtijọ́ lọ. Ó fẹ́ ṣe é bó ṣe ṣe ti àkọ́kọ́, àmọ́ Xerox kò fún wọn ní kóòdù rẹ̀, ìyẹn àkọsílẹ̀ tí ẹni tó ṣe sọ́fítíwià fi ọwọ́ kọ, èyí tí ènìyàn lè kà kó sì yé e. Ó lọ bá ọkùnrin kan ní Yunifásítì Carnegie Mellon tó ní kóòdù náà lọ́wọ́. Ọkùnrin náà ní òun ti fọwọ́ síwèé pé òun kò ní fún ẹnikẹ́ni. Stallman kà á sí pé ọkùnrin yẹn ti ṣe ìlérí láti má ran ẹnì kejì rẹ̀ lọ́wọ́ mọ́, àti òun àti gbogbo ayé.

Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1983, ó kéde pé òun ó kọ odidi sọ́fítíwià tí yóò máa darí kọ̀ǹpútà, tí ẹnikẹ́ni yóò lè lò, tú, tún ṣe, àti pín. GNU ló pè é. Ó fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní MIT ní oṣù Kìíní 1984 kí wọ́n má bàa sọ pé ti àwọn ni. Ó dá Free Software Foundation sílẹ̀ ní 1985. Àwọn kan rò pé ó kórìíra owó. Rárá o. 150 dọ́là ló ń ta téèpù Emacs, sọ́fítíwià ìkọ̀wé tó ṣe, nígbà náà, owó yẹn ló sì fi jẹun. Ẹni tó bá rà á ní àṣẹ kan náà tí òun fúnra rẹ̀ ní lórí rẹ̀, ibẹ̀ ni ìyàtọ̀ wà. Ní 1991, ọmọ ilé-ìwé kan ní Helsinki, Linus Torvalds, kọ apá tó ṣẹ́kù, tí wọ́n ń pè ní Linux. Gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ní fóònù Android lápò, Linux ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Àwọn kọ̀ǹpútà 500 tó lágbára jù láyé, Linux ni gbogbo wọn ń lò láti ọdún 2017.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ jù níbẹ̀ ni ìwé àdéhùn tí Stallman kọ ní 1989, tí wọ́n ń pè ní GPL. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn bàbá yín àgbà bí a ṣe ń ṣe àáró lóko. Ènìyàn mẹ́fà á kóra jọ, lónìí oko tèmi, lọ́la oko tìrẹ, títí yóò fi kárí. Kò sẹ́ni tó ń gbowó lọ́wọ́ ẹnìkejì, kò sì sẹ́ni tó lè jẹ àáró ẹgbẹ́ rẹ̀ kó wá sọ pé òun ń lọ sílé nígbà tó kan oko ẹlòmíì. Ohun tí GPL sọ nìyẹn. Gba kóòdù yìí, lò ó bó ṣe wù ọ́, tún un ṣe, kódà tà á. Ṣùgbọ́n bí o bá gbé èyí tí o tún ṣe jáde fún ènìyàn, o kò gbọdọ̀ tì í pa mọ́ ọn. Ó gbọ́dọ̀ gba kóòdù náà àti ẹ̀tọ́ kan náà tí ìwọ gbà. Ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ àti ojúṣe láàárín ènìyàn ni, ó kàn gba inú kọ̀ǹpútà kọjá ni.

Orílẹ̀-èdè wa ti wà lójú ìjà yìí rí. Ní ọdún 2007, wọ́n fẹ́ kó kọ̀ǹpútà kéékèèké 17,000 wá fún àwọn ilé-ìwé Nàìjíríà, irú tí Intel ń pè ní Classmate. Mandriva, ilé-iṣẹ́ ilẹ̀ Faransé tó ń ṣe Linux, ni wọ́n fún níṣẹ́ sọ́fítíwià rẹ̀. Wọ́n ti parí àdéhùn, iṣẹ́ ti délẹ̀, nígbà tí ọ̀gá Mandriva, François Bancilhon, gbọ́ pé wọn ó sanwó sọ́fítíwià òun lóòótọ́, àmọ́ wọn ó yọ ọ́ dànù, wọn ó sì fi Windows sí i. Ní ìparí oṣù Kẹwàá ọdún náà, ó kọ lẹ́tà ìta gbangba sí Steve Ballmer, ọ̀gá Microsoft, ó ń bi í ohun tó ṣe sí àwọn tó gbéṣẹ́ fún òun tí wọ́n fi yí ọkàn padà. Ìròyìn tẹ̀ lé e. Microsoft jẹ́wọ́ pé àwọn ń jíròrò láti fún TSC, ilé-iṣẹ́ tó ń gbé kọ̀ǹpútà náà wá, ní 400,000 dọ́là fún ìpolówó lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yí i sí Windows. Wọ́n ní kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Àjọ ìjọba USPF, tó ń san owó èyí tó pọ̀ jù nínú kọ̀ǹpútà náà, ní Mandriva làwọn fẹ́ dúró lé.

N kò pe ẹnikẹ́ni lólè lórí ọ̀rọ̀ yìí. Àmọ́ ẹ wo iye yẹn dáadáa. Kí ló dé tí ilé-iṣẹ́ tó lọ́rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ fi fẹ́ ná 400,000 dọ́là lórí kọ̀ǹpútà ọmọ ilé-ìwé? Nítorí wọ́n mọ̀ pé ohun tí ọmọ bá fi kọ́ kọ̀ǹpútà ni yóò máa wá títí ọjọ́ ogbó. Wọ́n mọ iyì ọmọ wa ju bí àwa tí a bí wọn ṣe mọ̀ ọ́n lọ.

Ẹ tún gbọ́ èyí tó kù nínú ìtàn náà, nítorí òun ni ẹ̀rí tó lágbára jù tí mo ní. Ilé-iṣẹ́ Mandriva kógbá sílé ní 2015. Ká ní sọ́fítíwià àdánìkanjẹ ni, ibẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ìbá parí sí. Ṣùgbọ́n àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ kan ti mú kóòdù náà ní 2010, wọ́n sọ ọ́ ní Mageia. Àwọn mìíràn ń gbé OpenMandriva lọ. Ẹ lè lọ gbé méjèèjì láti orí íntánẹ́ẹ̀tì lónìí. Onílé kú, ilé kò wó. Ẹ fi èyí wé ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Fẹnẹsúẹ́là ní oṣù Kẹwàá ọdún 2019, nígbà tí Adobe kéde pé òun ó ti àkáǹtì gbogbo oníbàárà òun níbẹ̀ pa nítorí àṣẹ ìjọba Amẹ́ríkà. Wọ́n rí ìyọ̀ǹda gbà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ó sì tán níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnì kan tó ń ya àwòrán jẹun ní Caracas ti mọ̀ pé ìjà ààrẹ méjì lè gba irinṣẹ́ lọ́wọ́ òun.

Ọ̀rọ̀ tó kan ìsọ̀ yín gan-an nìyí. Láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ ni púpọ̀ nínú yín ń lò. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025, Microsoft dẹ́kun ìtọ́jú gbogbogbò fún Windows 10, Windows 11 kò sì gba àwọn kọ̀ǹpútà tó ti pẹ́. Ẹ̀rọ tí kò ṣe yín ní nǹkan kan, tí bọ́tìnnì rẹ̀ pé, tí bátìrì rẹ̀ ṣì ń gba iná, ni wọ́n ní kó lọ sórí ààtàn. Ẹ fi Linux Mint tàbí Ubuntu sí i, yóò máa bá yín ṣiṣẹ́ lọ. LibreOffice á ṣe lẹ́tà àti ìṣirò yín. Inkscape ni kí ẹ fi ya àwòrán, Scribus ni kí ẹ fi to ìwé, kí ẹ sì máa fi PDF ránṣẹ́ sí àwọn atẹ̀wé ní Ṣómólú dípò fáìlì tí sọ́fítíwià kan ṣoṣo lè ṣí. Yóò le ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Àwọn iṣẹ́ kan wà tí Inkscape kò tíì ṣe tó CorelDRAW, pàápàá ọ̀rọ̀ àwọ̀ fún ìtẹ̀wé, n kò ní purọ́ fún yín. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò lè ṣe láìsí ti olówó, kó sanwó rẹ̀, kó gba rìsíìtì. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú kí ènìyàn ta sọ́fítíwià. Ọmọ Nàìjíríà ni John Obaro tó dá SystemSpecs sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Owó ni wọ́n ń ta sọ́fítíwià wọn, HumanManager àti Remita, mo sì ń fi wọ́n yangàn.

Àwọn òbí yín á bi yín pé, níbo lowó wà nínú ohun tí gbogbo ayé lè mú? Ọwọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe ni. IBM san 34 bílíọ̀nù dọ́là láti fi ra Red Hat, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe Linux, ní 2019, bẹ́ẹ̀ kóòdù Red Hat wà níta nígbà náà fún ẹni tó bá fẹ́. Ìmọ̀ àti ìtọ́jú ni wọ́n rà. Ẹ má jẹ́ ká lọ jìnnà. Ilé-iṣẹ́ búrẹ́dì, ti piọ-wọ́tà, ti páálí àti ti ọ̀rá pọ̀ láti Tóògéètì títí dé Àtàn, tí ìwé ọjà wọn ṣì jẹ́ nótíbùúkù aláwọ̀ eérú. Àwọn ọmọ Íńdíà kan ní Mumbai ṣe ERPNext, tó lè ṣe àkáǹtì àti ọjà tó wà ní sítọ́ọ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Abẹ́ GPL ló wà. Ẹni méjì nínú yín tó bá kọ́ ọ dáadáa lè máa gbé e kalẹ̀ fún àwọn ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí, kí wọ́n máa sanwó fún yín láti tọ́jú rẹ̀. Náírà ni ẹ ó gbà. Ọ̀tà ni owó náà yóò wà. Bí òfin owó orí wa bá yí padà, ẹ̀yin lẹ ó ṣí kóòdù náà tí ẹ ó tún un ṣe, ẹ kò ní máa retí ẹni tó wà ní òkè òkun kó rántí Nàìjíríà.

Ibì kan wà tí mo ti ń bá àwọn alágbàwí sọ́fítíwià olómìnira jà. Wọ́n sọ̀rọ̀ òmìnira púpọ̀, wọn kò sọ̀rọ̀ oúnjẹ tó. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2014, gbogbo ayé gbọ́ pé ihò ńlá kan wà nínú OpenSSL, sọ́fítíwià tó ń dáàbò bo ọ̀rọ̀ àṣírí lórí èyí tó pọ̀ nínú íntánẹ́ẹ̀tì, ti báńkì pẹ̀lú. Ìgbà náà ni wọ́n mọ̀ pé ìwọ̀nba ènìyàn díẹ̀ ló ń tọ́jú rẹ̀, owó tí àwọn ènìyàn sì ń dá fún wọn kò ju nǹkan bí 2,000 dọ́là lọ lọ́dún. Ní oṣù Kẹta ọdún 2024, ó tún ṣẹlẹ̀ sí xz, sọ́fítíwià olómìnira mìíràn. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń tọ́jú rẹ̀, ó ti rẹ̀ ẹ́, ẹnì kan wá bí olùrànlọ́wọ́, ó sì fi ọ̀nà ẹ̀bùrú sínú kóòdù náà kí òṣìṣẹ́ Microsoft kan, Andres Freund, tó tú àṣírí rẹ̀. Kóòdù tó wà ní gbangba ló jẹ́ kó lè tọpa rẹ̀, mo gbà. Ṣùgbọ́n gbogbo àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá tó ń jẹ àáró ọkùnrin tó rẹ̀ yìí, ta ló lọ sí oko rẹ̀?

Nítorí náà, ẹ má ṣe jẹ lásán. Ẹni tí kò mọ kóòdù kọ lè kọ àlàyé ìlò rẹ̀ ní Yorùbá, kí ọmọ iṣẹ́ tó wà ní Ìjù lè kà á. Ẹ wo ohun tí Kọ́lá Túbọ̀sún àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe: láti 2015 ni YorubaName ti wà fún orúkọ wa pẹ̀lú ìtumọ̀ rẹ̀, kóòdù rẹ̀ sì wà níta fún ẹni tó bá fẹ́ kọ́ irú rẹ̀ fún èdè Ẹ̀gùn tàbí ti Ìgbò. Àmì ohùn tí ẹ ń fi kọ Yorùbá lórí Linux, ẹnì kan ló jókòó ṣe é, kò gbowó lọ́wọ́ yín. Ilé-ìtajà yín lè máa fi díẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn tó ṣe Inkscape lọ́dọọdún, bó tilẹ̀ jẹ́ owó ọ̀rá kan ti káàdì ìgbéyàwó.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ Covenant, Bells àti Ìgbẹsà, iṣẹ́ àṣekágbá yín ń kú sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Lọ́dọọdún, ẹnì kan á ṣe sọ́fítíwià fún ilé ìwòsàn, ẹlòmíì á ṣe ti ọjà, wọ́n á dè é pọ̀ mọ́ ìwé aláwọ̀ búlúù, wọ́n á gba máàkì, ó parí. Ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn á tún bẹ̀rẹ̀ láti òfo. Ẹ gbé e síta lábẹ́ láísẹ́ǹsì tó jẹ́ kí àbúrò yín lè bẹ̀rẹ̀ níbi tí ẹ ti dúró. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ fi máàkì sí i fún ẹni tó bá tún iṣẹ́ ẹlòmíì ṣe, nítorí ní ilé-iṣẹ́, iṣẹ́ ẹlòmíì ni à ń tún ṣe lójoojúmọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ sì ti wọ ilé-iṣẹ́, ní Agbára, ní ojú ọ̀nà Ìdírókò, ní ọ̀dọ̀ àwọn ará Ṣáínà ní Ìgbẹsà, ẹ̀yin ni mo fi èyí tó kẹ́yìn lé lọ́wọ́. Ẹ̀rọ tuntun ń wọlé lójoojúmọ́, òmíràn kò tilẹ̀ ní ju lẹ́tà Ṣáínà lójú rẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bá ń ná an lówó ni agbára wà lọ́wọ́ wa. Tó bá ti dé orí kọnkéré, a ò ní agbára kankan mọ́. Bí ọ̀gá yín bá fẹ́ ra ẹ̀rọ lọ́dún yìí, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́ kó kọ ọ́ sínú àdéhùn kó tó san kọ́bọ̀: páásíwọọ̀dù rẹ̀, ẹ̀dà sọ́fítíwià tó ń darí rẹ̀, àti àṣẹ fún àwọn oníṣẹ́ iná ilé-iṣẹ́ náà láti tún un ṣe, gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ẹ̀rọ náà dé Ọ̀tà.